Bí Ọkùnrin Tí Ó Ń Ṣe Eré Ìdárayá Ṣe Lè Yan Lọ́fíńdà Olóòórùn Ọsàn, Kí Ó sì Lò Ó Bí Ó Ti Yẹ ní Òṣogbo

Ẹni tí ó bá ti dúró rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí ń bó ọsàn tà ní Ọjà Ọba ti mọ ìwà lọ́fíńdà olóòórùn ọsàn kí ó tó ra ìgò kan ṣoṣo. Bí abẹ bá ti kan èèpo, òróró tín-ín-rín yóò ta jáde, òórùn rẹ̀ yóò gba gbogbo àyíká, ṣùgbọ́n kí oníbàárà tó gba ṣéńjì rẹ̀ tán, òórùn náà ti lọ. Òróró inú èèpo yẹn gan-an ni àwọn tí ń ṣe lọ́fíńdà ń fún jáde láìgbé e ka iná, tí wọ́n sì ń pò ó mọ́ ọtí líle tí à ń pè ní ẹ́tánọ́ọ̀lù. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ráhùn pé lọ́fíńdà ọsàn kì í pẹ́ lára òun, ìwà àbínibí rẹ̀ ni ó ń bá jà. Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wa ni kí a ra èyí tí ó ní nǹkan mìíràn lábẹ́ ọsàn náà, kí a fín in sí ara tí ó mọ́, kí a fín in níwọ̀nba, kí a sì mọ àsìkò tí ó yẹ kí a fín in. Bí a ṣe ń ṣe èyí ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún ọkùnrin tí ń sáré, tí ń gbá bọ́ọ̀lù, tí ń gbé irin, tàbí tí iṣẹ́ rẹ̀ ń mú un rìn nínú oòrùn Òṣogbo láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ohun tí ó wà nínú ìgò

Nínú òróró èèpo ọsàn mímu, èròjà kan tí wọ́n ń pè ní limonene ni ó kó ohun tí ó lé ní ìdá 90 nínú 100. Èròjà yìí fúyẹ́ gan-an, ooru ara nìkan sì ti tó láti sọ ọ́ di afẹ́fẹ́. Lẹ́mọ́ọ̀nù, gírépù, ọsàn wẹ́wẹ́, àti bergamot, tí ó jẹ́ ọsàn kíkan kan tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń wá láti Calabria ní gúúsù Ítálì, ni wọ́n máa ń pò pọ̀ láti ṣe òórùn tí imú ń kọ́kọ́ gbọ́ bí a bá fín irú lọ́fíńdà yìí. Láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 30, púpọ̀ nínú òórùn àkọ́kọ́ yìí ti ń fò lọ. Òórùn àárín yóò wá gba ipò rẹ̀, bíi ti lavender àti rosemary (ewéko olóòórùn méjì), mint tàbí atalẹ̀, èyí tí ó lè wà fún wákàtí díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn tí ó wúwo jù, irú bí igi kédárì, gbòǹgbò koríko vetiver àti musk, yóò ṣẹ́kù sára. Lọ́fíńdà ọsàn tí kò ní irú ìsàlẹ̀ báyìí yóò dùn púpọ̀ nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ fín in, ṣùgbọ́n kí ẹ tó rìn láti Òkè-Fíà dé Ọláìyá, yóò ti di ìtàn.

Irú òórùn báyìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1709 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Farina sílẹ̀ ní ìlú Köln ní Jámánì, Johann Maria Farina, ọmọ Ítálì tí ó tẹ̀dó síbẹ̀, sì ni ó mú kí omi olóòórùn ọsàn rẹ̀ tàn kiri ilẹ̀ Yúróòpù. Ní ọdún 1966, ilé-iṣẹ́ Dior ti ilẹ̀ Faransé gbé lọ́fíńdà Eau Sauvage jáde, èyí tí ó fi hàn pé lẹ́mọ́ọ̀nù lè dúró lórí ìsàlẹ̀ tí ó dára kí ó sì pẹ́ díẹ̀ sí i. Cool Water ti Davidoff tẹ̀lé e ní ọdún 1988, ó sì mú òórùn tútù bí omi wọ inú lọ́fíńdà ọkùnrin. CK One ti Calvin Klein dé ní ọdún 1994, Allure Homme Sport ti Chanel sì dé ní ọdún 2004. Láti ìgbà náà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí kò ní ìgò tí a kọ “sport” sí lára. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kò dá òógùn dúró, kò sì túmọ̀ sí pé wọ́n ti dán lọ́fíńdà náà wò lára ẹni tí ń sáré. Ohun tí wọ́n sábà máa ń fi sọ ni pé wọ́n dín adùn àti tùràrí inú rẹ̀ kù, wọ́n sì fi ọsàn, mint tàbí atalẹ̀ kún un.

Ohun tí ó yẹ kí ojú yín máa wá lára páálí ni bí lọ́fíńdà náà ti lágbára tó. Bí ẹ bá rí Eau de Cologne, òróró olóòórùn inú rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín ìdá 2 sí 5 nínú 100. Eau de Toilette sábà máa ń ní ìdá 5 sí 15, Eau de Parfum sì máa ń ní ìdá 15 sí 20, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ń pinnu tirẹ̀. Ní ojú tèmi, Eau de Toilette ni ó bá ọkùnrin eléré ìdárayá mu jù ní ìlú wa. Ooru oṣù Kejì àti oṣù Kẹta níbí máa ń fẹ lọ́fíńdà lójú, èyí tí ó lágbára jù sì lè di wàhálà fún ẹni tí ó bá jókòó tì yín nínú kòròpé. Ẹ fi Eau de Parfum sílẹ̀ fún òde alẹ́ àti fún àsìkò ọyẹ́.

Bí ẹ ṣe máa rà á

Ẹ má ṣe ra lọ́fíńdà ọsàn nítorí òórùn àkọ́kọ́ rẹ̀, nítorí òórùn àkọ́kọ́ gbogbo wọn ni ó dùn. Bí òǹtajà bá ti fín in sí ìwé pélébé kan fún yín, ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ sì fi ìwé náà sí àpò. Bí ó bá wù yín, ẹ ní kí ó fín in lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sí inú apá yín, kí ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì jáde. Ẹ lọ ra ohun mìíràn tí ẹ fẹ́ rà ní Ìgbónà tàbí ní Orísunbáre, ẹ jẹ́ kí oòrùn pa yín díẹ̀, kí òógùn sì bọ́ lára yín. Bí wákàtí kan tàbí méjì bá ti kọjá, ẹ tún apá náà gbọ́. Ohun tí imú yín bá gbọ́ nígbà náà ni ẹ fẹ́ fi owó yín rà, nítorí òun ni ẹ óò máa bá gbé. Òǹtajà tí ó bá ń kán yín lójú pé ẹyọ kan ṣoṣo ni ó kù, ẹ jẹ́ kí ó tà á fún ẹlòmíràn.

Ẹ má sì dán ju mẹ́ta lọ wò lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí imú máa ń rẹ̀. Àwọn kan máa ń gbé èso kọfí kalẹ̀ fún oníbàárà láti gbọ́ kí imú rẹ̀ lè padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ apá aṣọ ara yín tí kò ní lọ́fíńdà, ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, kò sì ná yín ní nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ ayédèrú gba kí a dúró lé e lórí, nítorí ó pọ̀ lọ́jà. Lára ojúlówó, ẹ óò rí nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ tẹ̀ sí ìdí ìgò, irú nọ́ńbà kan náà yóò sì wà ní ìdí páálí. Bí méjèèjì kò bá bára mu, ẹ gbé e padà. Ẹ wo ìwé tí ó wà lára ìgò bóyá lẹ́tà kan pòórá tàbí wọ́n ṣì í kọ. Ẹ wo ọ̀rá tí wọ́n fi wé páálí bóyá ó fún dáadáa, kí ẹ sì wo ibi tí omi ti ń jáde: ojúlówó máa ń fọ́n omi jáde bí ìrì, ayédèrú sì sábà máa ń ta á jáde bí ẹni tutọ́. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC pẹ̀lú, nítorí òfin ilẹ̀ wa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ohun ìṣaralóge tí a kó wọlé, àmọ́ kí ẹ rántí pé ẹni tí ó lè tẹ páálí ayédèrú lè tẹ nọ́ńbà sí i lára. Bí owó ìgò ńlá bá wúwo, àwọn òǹtajà kan wà tí wọ́n ń rọ ojúlówó sínú ìgò kékeré oní-mílílítà 5 tàbí 10. Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, bí òǹtajà náà bá gbà láti rọ ọ́ lójú yín. Ìgò kékeré náà yóò sì wúlò fún ohun mìíràn tí n óò sọ níwájú.

Àwọn tí kò fẹ́ lọ́fíńdà ọlọ́tí, pàápàá nínú àwọn Mùsùlùmí, lè wá ti olóròóro tí wọ́n ń tà nítòsí mọ́ṣáláṣí ní ọjọ́ Jímọ̀. Òróró kì í jẹ́ kí òórùn tètè fò lọ, nítorí náà ó máa ń pẹ́ lára ju ti ọlọ́tí lọ, ṣùgbọ́n kì í tàn kálẹ̀, ìtútù ọsàn inú rẹ̀ kì í sì í mú bí ti ọlọ́tí. Ìfọwọ́kan ẹ̀ẹ̀kan ní ẹ̀yìn etí àti ní ọrùn-ọwọ́ ti tó.

Kí ẹ tó fín in

Ibí ni iṣẹ́ wà jù. Òógùn fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ní òórùn. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé lórí awọ, pàápàá ní abíyá àti láàárín itan, ni wọ́n ń jẹ ohun tí ó wà nínú irú òógùn kan tí ó ki, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di òórùn tí a kò fẹ́. Lọ́fíńdà kò pa òórùn yìí. Ó kàn ń bá a dàpọ̀ ni, àdàpọ̀ ọsàn àti òógùn àná sì burú ju òógùn àná nìkan lọ. Ẹni tí ó bá ti pápá ìṣeré Òṣogbo dé gbọ́dọ̀ wẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan ìgò. Kí ó fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ abíyá dáadáa, kí ó sì nu ara rẹ̀ gbẹ pátápátá, nítorí ara tí ó tutù yóò la lọ́fíńdà lómi.

Ohun ìpabíyá méjì ni ó wà tí àwọn ènìyàn máa ń pè ní orúkọ kan náà, ìyẹn “deodorant”. Ọ̀kan ń bo òórùn abíyá mọ́lẹ̀, ó sì ń dín àwọn kòkòrò náà kù. Ara èkejì ni a óò ti rí “antiperspirant” kà, iyọ̀ aluminium tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó sì ń dí ojú ihò tí òógùn ń gbà jáde. Èyí èkejì yìí máa ń ṣiṣẹ́ jù bí ẹ bá fi pa abíyá gbígbẹ ní alẹ́ kí ẹ tó sùn, nítorí òógùn kò pọ̀ nígbà náà, oògùn náà sì ráyè wọlé. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ wá èyí tí kò ní òórùn tirẹ̀, kí ó má baà bá ọsàn yín jà.

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa ọsàn wẹ́wẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ wa ni ó máa ń là á sí méjì láti fi pa abíyá. Òótọ́ ni pé kíkan rẹ̀ kò rọ àwọn kòkòrò náà lọ́rùn. Ṣùgbọ́n èròjà kan wà nínú ọsàn náà, pàápàá nínú èèpo rẹ̀, tí ìtànṣán oòrùn máa ń jí dìde lórí awọ. Ẹni tí ó bá fi pa ara, tí kò fọ̀ ọ́ kúrò, tí ó wá wọ síńgílẹ́ẹ̀tì lọ sáré lọ́sàn-án lè rí i pé ibẹ̀ pọ́n, ó yọ omi bí ẹni tí iná jó, ó sì fi àpá dúdú sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Irú èròjà bẹ́ẹ̀ wà nínú òróró bergamot tí wọn kò tíì yọ ọ́ kúrò lára rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti máa ń yọ ọ́ kúrò tàbí kí wọ́n dín in kù nínú lọ́fíńdà wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń ṣọ́ òróró èèpo ọsàn tí wọ́n ń rọ sínú ìgò pẹ́pẹ̀pẹ́ tà láìlà á, nítorí náà ẹ má ṣe fi í pa ara lásán. Álọ́ọ̀mù tí àwọn bàbá wa ń fi pa abíyá kò ní ìṣòro oòrùn yìí ní tirẹ̀.

Fífín in

Bí ara bá ti gbẹ, ẹ fi ìpara tí kò ní òórùn pa ibi tí ẹ fẹ́ fín in sí. Faselíìnì díẹ̀ dára. Òrí náà dára, bí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti yọ òórùn rẹ̀ kúrò. Awọ tí ó gbẹ máa ń jẹ́ kí lọ́fíńdà tètè lọ, ìdí sì nìyẹn tí ó fi yẹ kí ẹ fi ìpara kún un nígbà ọyẹ́. Ẹ di ìgò mú ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 15 sí ara, kí ẹ sì fín in sí àyà, sí ẹ̀yìn ọrùn, àti sí inú apá. Ẹ má ṣe fi ọrùn-ọwọ́ méjèèjì ra ara wọn lẹ́yìn tí ẹ bá fín in, nítorí ooru tí èyí ń mú wá ń lé òórùn ọsàn lọ kí àsìkò rẹ̀ tó pé. Ẹ má fín in sí abíyá tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, sí ojú, sí irun tí ẹ fi nǹkan pa, tàbí sí ibi tí ó bó: ọtí inú rẹ̀ yóò ta yín gidigidi.

Ẹ ya ìlò ṣáájú eré sọ́tọ̀ kúrò lára ìlò lẹ́yìn eré. Ṣáájú eré, ẹ̀ẹ̀kan péré ni, sí àyà lábẹ́ ẹ̀wù, ní nǹkan bí ìdajì wákàtí kí ẹ tó jáde, kí ọtí inú rẹ̀ lè ti fò lọ kí ara tó gbóná. Bí ara bá ti gbóná, ẹ̀ẹ̀kan náà yóò di ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹta yóò sì di ohun tí ẹni tí ń bá yín sáré kò ní lè mí sí. Ní inú ilé ìdárayá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, ó dára kí ẹ má fín nǹkan kan rárá, pàápàá bí ẹnìkan níbẹ̀ bá ní ikọ́ fée. Lẹ́yìn eré, bí ẹ bá ti wẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin kò pọ̀ jù. Bí ó bá di ọ̀sán, tí ẹ kò bá gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́, ẹ kọ́kọ́ bi ẹlòmíràn léèrè kí ẹ tó fi kún un, nítorí imú máa ń mọ́ òórùn ara rẹ̀ lára débi pé kì í ka á sí mọ́. Bí ó bá ti lọ lóòótọ́, ìgbà náà ni ìgò kékeré oní-mílílítà 5 yẹn wúlò nínú àpò: ẹ fi aṣọ tútù nu ọrùn, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ sì fín in lẹ́ẹ̀kan.

Lórí aṣọ, lọ́fíńdà ọsàn máa ń pẹ́ ju ti orí ara lọ, nítorí aṣọ kò ní ooru tirẹ̀. Ṣùgbọ́n òróró ọsàn lè fi àbàwọ́n ofeefee sílẹ̀ lára aṣọ funfun, ẹni tí ó bá sì wọ àdìrẹ ìlú aró yìí tàbí gíní olówó iyebíye kò ní fẹ́ rí i. Ẹ dán an wò sí etí aṣọ lápá inú ná. Ní ti jẹ́sì tí a fi polyester ṣe, ó máa ń di òórùn òógùn mú ju òwú lọ, òórùn náà sì máa ń jí padà bí ara bá tún gbóná, kódà lẹ́yìn tí a ti fọ̀ ọ́. Ẹ má fi jẹ́sì tí ó ti rin gbingbin sínú báàgì di ọjọ́ kejì. Ẹ yí inú rẹ̀ síta, ẹ fọ̀ ọ́ ní ọjọ́ náà, kí ẹ sì sá a síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́.

Títọ́jú ìgò

Ooru, ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá limonene. Dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò tí a gbé sí oòrùn, abẹ́ àga ọ̀kadà àti ojú fèrèsé ni ibi mẹ́ta tí ó burú jù láti tọ́jú rẹ̀ sí, ilé ìwẹ̀ tí ó máa ń gbóná tí ó sì ń tutù kò sì fi bẹ́ẹ̀ sàn jù wọ́n lọ. Inú kọ́bọ́ọ̀dù, nínú páálí rẹ̀, pẹ̀lú ìdérí lórí, ni ó dára jù. Ọtí pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ má fín in nítòsí gáàsì ìdáná, àbẹ́là tàbí jẹnẹrétọ̀ tí ń ṣiṣẹ́. Lára páálí, ẹ óò rí àwòrán ìkòkò kékeré kan tí ìdérí rẹ̀ ṣí, pẹ̀lú nọ́ńbà bíi 24M tàbí 36M: iye oṣù tí ilé-iṣẹ́ gbà pé ó ṣì dára lẹ́yìn tí a bá ti ṣí i nìyẹn, lọ́fíńdà ọsàn sì sábà máa ń bàjẹ́ ṣáájú àwọn olóòórùn igi àti tùràrí. Bí òórùn àkọ́kọ́ rẹ̀ bá ti ń jọ ti tapẹntáìnì àwọn akunlé, tàbí tí omi inú rẹ̀ ṣú, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, limonene tí afẹ́fẹ́ ti bàjẹ́ sì lè mú kí awọ máa yún kí ó sì sú. Ẹ má fín in sí ara mọ́. Ẹ lè fi ìyókù rẹ̀ nu gọ́ọ̀mù bébà tí ó lẹ̀ mọ́ abọ́ àti ìgò tuntun kúrò, ní ìta gbangba, níbi tí iná kò sí.